Eré Kú, Orin Kù

Ìdí okùn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìdí-Ìrókò mọ okùn tí mo ń wí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ẹnu ibodè pa, ti Ìdí-Ìrókò tiwa kò sì ṣí títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Ní ọjọ́ kan láàárín àkókò yẹn, mo wọ ọkọ̀ akérò láti Òwódé bọ̀ wá sílé. Bí a ti dé ìdí okùn kan, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba ní kí obìnrin tó jókòó níwájú mi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wo abẹ́ ìjókòó rẹ̀, wọ́n bá ìrẹsì níbẹ̀, kò ju kóńgò mẹ́fà lọ. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi nítorí Ọlọ́run, àwọn ọmọ ni mo rà á fún." Ọkùnrin náà kò pariwo, kò tilẹ̀ bínú. Ó gbé ìrẹsì náà, ó ń lọ sí abẹ́ igi, bí ó sì ti ń lọ ni ó ń kọrin jẹ́jẹ́ lábẹ́ imú. Orin wo ni? Yorùbá Ronú ti Hubert Ogunde ni, ẹ jọ̀ọ́!

Àwa tó wà nínú ọkọ̀ wo ara wa lójú. Ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin náà, ọmọ Yorùbá ni obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìrẹsì ọ̀hún, ọwọ́ ọmọ Yorùbá ni ó ti rà á ní Ìgólò, lódìkejì ibodè, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń fi èdè Faransé kọ ìwé, tí wọ́n ń fi Yorùbá bú ara wọn. Ta wá ni orin náà ń bá wí nínú gbogbo wa? Nígbà tí mo délé, n kò lè jẹun. Kì í ṣe ìrẹsì náà nìkan ló ń dùn mí. Orin yẹn ní ìtàn kan nínú ilé bàbá mi, n ó sì sọ ọ́ tí a bá débẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bóyá ni a fi rí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń kọ orin yìí lónìí tó mọ̀ pé inú eré kan ló ti jáde. Orin ni wọ́n mọ̀. Wọ́n rò pé Ogunde kàn jókòó ní ọjọ́ kan ni, ó ronú nípa Yorùbá, ó sì kọrin. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orin ìbẹ̀rẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn òṣèré ayé ìgbà náà ń pè ní opening glee, tí wọ́n máa ń kọ kí aṣọ ìtàgé tó ká fún ìtàn gan-an. Ẹnu-ọ̀nà ni orin náà jẹ́. Ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti wó, ẹnu-ọ̀nà nìkan ló ṣẹ́kù, gbogbo wa sì ń dúró síbẹ̀ ya fọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹni tó kọ́ ilé náà. Ọmọ Ọ̀sọ̀sà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni Ogunde, ọdún 1916 ni wọ́n bí i. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá, ó sì ń ṣe orin fún ìjọ Aládùúrà ní Ẹbúté-Mẹ́ta, kó tó di pé ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1944 ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́, ti Ọgbà Édẹ́nì, jáde ní gbọ̀ngán Glover l'Ékòó. Láti inú orin ìjọ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, orin ni kò sì fi í sílẹ̀ títí. Nígbà kan ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ African Music Research Party, nígbà kan ó ń jẹ́ Ogunde Concert Party. Ẹ rí i pé orin ló ṣáájú nínú orúkọ wọ̀nyẹn. Ẹni tó lọ wo Ogunde, orin ló lọ gbọ́, ijó ló lọ wò, àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ń jó níwájú ló lọ wò, ìtàn yóò wá gba àárín wọn kọjá.

Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni yìí ní ìwà kan tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nílùú lónìí, kò ní í pẹ́ tí yóò fi wà lórí ìtàgé. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù tí Ogunde fi gbé Strike and Hunger jáde. Ìjọba òyìnbó fi òfin dè é ní Jos ní 1946. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley ní Enugu, ènìyàn 21 kú. Ní 1950, Ogunde ti sọ ọ́ di eré, ó pè é ní Bread and Bullet. Wọ́n tún fi òfin de ìyẹn ní Kano. Èyí ni pé nígbà tí a ó fi dé 1964, kì í ṣe ọmọdé nídìí ọ̀ràn. Ó mọ bí òfin ṣe ń dun ni. Àmọ́ òyìnbó ló de ti àkọ́kọ́. Ta ni ì bá rò pé lẹ́yìn òmìnira, ọmọ Yorùbá ni yóò wá de òun ní ilẹ̀ Yorùbá?

Ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, gbogbo yín ló ti gbọ́ ọ. N kò ní í tú u palẹ̀ níbí. Wọ́n jọ wà nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni, wọ́n yapa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1962. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, àga ń fò nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn bí ẹni pé ẹyẹ ni, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìjọba pàjáwìrì. Oṣù Kìíní ọdún 1963 ni Akíntọ́lá padà sórí àga Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, kóòtù rán Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Ọ̀kan wà láàfin, ọ̀kan wà lẹ́wọ̀n. Láàárín èyí ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin sílẹ̀, ẹgbẹ́ àṣà tí Akíntọ́lá wà nídìí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe àpéjọ ńlá, wọ́n ní kí Ogunde wá dá wọn lára yá.

Ogunde dá wọn lára yá lóòótọ́! Eré tó gbé wá ni Yorùbá Ronú. Ọba kan wà nílẹ̀ Yorùbá, Fìwàjoyè ni orúkọ rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ ọ̀tá, ó ta ọba rẹ̀, wọ́n gbé ọba sọ sẹ́wọ̀n, igbákejì sì gorí ìtẹ́. Ṣé ó tún yẹ kí ẹnikẹ́ni dìde láti ṣàlàyé? Olórí Ìjọba bínú jáde. Kò pẹ́, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de Ogunde. Kì í ṣe eré yìí nìkan ni wọ́n dè o, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ni: kò gbọdọ̀ ṣeré kankan mọ́ níbikíbi ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tí gbogbo oúnjẹ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Iléṣà àti Àkúrẹ́, wọ́n dí ọ̀nà náà mọ́ ọn fún nǹkan bí ọdún méjì. Ó dá wọn lóhùn ní ọdún yẹn náà pẹ̀lú eré mìíràn tó pè ní Òtítọ́ Korò. Orí ẹni náà le, ẹ jẹ́ ká sòótọ́.

Níbi tí òfin yìí mọ ni ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èkó kì í ṣe ti Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, ti ìjọba àpapọ̀ ni, nítorí náà òfin Ìbàdàn kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Mushin ti Ìwọ̀-Oòrùn ni, Ìkẹjà àti Agége bẹ́ẹ̀. Ó di 1967 kí wọ́n tó bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Èyí ni pé ní 1964, eré tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Mushin, eré lásán ni ní Yaba. Àwa tí wọ́n bí sẹ́nu ibodè ni irú nǹkan báyìí yé jù. Láti 1889 tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fa ìlà ní ilẹ̀ wa ni a ti mọ̀ pé ohun tó jẹ́ òfin níwájú ilé lè máà jẹ́ nǹkan kan lẹ́yìnkùlé.

Bí Yorùbá Ronú ṣe dé Ìdí-Ìrókò nìyẹn. Bàbá kékeré mi, àbúrò bàbá mi, ń wa lọ́rì láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Èkó. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Àwa wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀ka Ẹ̀gbádò tí a wá ń pè ní Yewa láti 1995. Ogunde kò lè dé Ìlaròó, kò lè dé Ayétòrò, ká má tíì sọ tiwa. Ṣùgbọ́n bàbá kékeré mi rí i wò l'Ékòó, wọ́n sì gbé e padà wá sílé lórí ahọ́n wọn.

Wọn a jókòó lágbàlá lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, wọn a fi aṣọ ìbora ṣe agbádá, wọn a ní kí á mú àpótí wá kí ó jẹ́ ìtẹ́. Wọn a kọ́kọ́ ṣe ọba: wọn kì í pariwo, wọn a kàn jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà wọn a dìde, wọn a di igbákejì. Ohun tí igbákejì ń ṣe ni pé ó ń dọ̀bálẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Bí ọba bá wúkọ́, ó ti dọ̀bálẹ̀. Bí ọba bá ní kó dìde, yóò tún dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ pé wọ́n ní kí òun dìde. A ó máa rẹ́rìn-ín títí ikùn yóò fi máa dùn wá, ìgbà náà ni bàbá kékeré mi yóò wá yí ojú padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ọ̀tá tí a kò rí, ẹ̀rín yóò sì tán lẹ́nu wa. N kò lè búra pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ogunde ṣe é. Eré bàbá kékeré mi ni èmi wò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: nínú gbogbo alẹ́ wọ̀nyẹn, n kò rántí pé wọ́n fi orin bẹ̀rẹ̀ rí. Ọ̀dọ̀ igbákejì ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ náà lójú wọn.

Bàbá mi kì í jókòó tì wá. Akọ̀wé kánsù ni bàbá mi, ẹgbẹ́ Dẹ́mọ ni wọ́n sì ń ṣe. Mo ti sọ ọ́ tán! Ọ̀rọ̀ tí mo fi pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Akíntọ́lá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ ní 1964, akọ̀wé kánsù tó bá fẹ́ jẹun ní láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bàbá mi mọ̀ ọ́n. Owó ilé-ìwé mi, bàtà mi, búrẹ́dì tí mo ń jẹ lówùúrọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi yọ sí wa lójijì níbi tí bàbá kékeré mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Bàbá mi ní, "Gbénró, ṣé o kò mọ̀ pé ògiri létí ni?" Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wá bèèrè pé, "Ọba tìrẹ yìí, ṣé kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni rí ni?" Bàbá kékeré mi dìde, wọ́n gbọn eruku aṣọ, wọn kò fèsì.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo sì ń bá ìbéèrè yẹn rìn di òní. Bí a bá gbé Yorùbá Ronú lé orí òṣùwọ̀n gẹ́gẹ́ bí eré, ìbéèrè bàbá mi ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Fìwàjoyè! Orúkọ lásán ti dá ẹjọ́ tán. Ìwà ni ọba yìí fi joyè, kí ni a tún fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ìtàn tí eré náà ń tọ̀ lẹ́yìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1962, ìgbìmọ̀ Coker jókòó lórí owó àwọn iléeṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì bá ọ̀rọ̀ tí kò dára nípa bí owó ṣe ń ti ibẹ̀ bọ́ sí àpò Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ẹni tó fẹ́ràn Awólọ́wọ̀ lè sọ pé òṣèlú ló wà nídìí ìgbìmọ̀ náà, èmi kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ọba tí kò ní àbùkù kankan kì í jẹ́ kí òǹwòran ronú, bẹ́ẹ̀ ronú ni wọ́n ní kí á ṣe! Òǹwòran tó ti wà lẹ́yìn ọba yóò pàtẹ́wọ́, òǹwòran tó wà lẹ́yìn igbákejì yóò bínú jáde, kálukú yóò sì padà sílé bó ti wá.

Ẹ wo Ọba Kòso ti Dúró Ládípọ̀, tó jáde ní ọdún kan ṣáájú rẹ̀, 1963, ní Òṣogbo. Ìtàn ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ni ìyẹn náà, ìtàn ọ̀tẹ̀ àti ìjákulẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣàngó fúnra rẹ̀ ló rán Tìmì àti Gbọ̀ǹkáà lọ fi orí gbárí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi dáná, iná náà jó o, a ṣì káàánú rẹ̀. Òǹwòran tó bá jáde nídìí Ọba Kòso kò lè sọ pé ẹnì kan báyìí ló jẹ̀bi. Ìdí nìyẹn tí eré náà fi dé Berlin ní 1964, tó sì tún rìn ká ayé lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹni tí kò mọ Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ òsì ń fi omijé wò ó. Yorùbá Ronú kò lè dé irú ibẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ àwọn tí wọ́n ń bú, ìdajì eré náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun sì pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, tí Fájuyì di gómìnà tí ó sì tú Ogunde sílẹ̀ nínú òfin náà ní ọdún yẹn kan náà, ẹni tí eré ń bá jà ti wà nínú ilẹ̀. Òkú kì í bínú jáde kúrò ní gbọ̀ngán.

Àmọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún bàbá mi. Òótọ́ kan wà nínú eré náà tí àbùkù yẹn kò lè pa, òun sì ni ó ṣe mí ní nǹkan jù nínú agbo bàbá kékeré mi: ìdọ̀bálẹ̀ yẹn. Kì í ṣe ẹni tó kórìíra ọba ló ta ọba. Ẹni tó ń kí i láràárọ̀ ni, ẹni tó mọ kọ́kọ́rọ́ ilé. Ọ̀tá wà nínú eré náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tá kò lè wọlé bí kò bá sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Ní 1964, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé ẹ̀yà báyìí ni, pé ará Àríwá ni, pé òyìnbó ni, Ogunde dúró níwájú Olórí Ìjọba, ó ní rárá o, ìwọ ni. Mo ti ka ìwé Ẹbun Clark tó jáde ní 1979 lórí Ogunde, mo sì ti bá àwọn tó mọ tíátà jù mí lọ sọ̀rọ̀. N kò tíì gbọ́ òṣèré mìíràn ní ilẹ̀ wa tó jẹun ẹni tó pè é, tó sì dúró sórí ìtàgé onítọ̀hún bú u lójúkojú bẹ́ẹ̀. (Akíntọ́lá fúnra rẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ, tí òwe kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, mo ṣì ń ṣe kàyéfì pé kò dìde dá Ogunde lóhùn pẹ̀lú àwàdà kan ṣoṣo. Ì bá gba ilé náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Òfin ló yàn.)

Ibi tí mo ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ nìyí. Òfin yẹn kò pa orin. Kò sẹ́ni tó lè fi okùn de orin. Rẹ́kọ́ọ̀dù gbé e, ẹnu gbé e, ó la gbogbo ìlú já. Eré ni òfin náà pa, nítorí eré nílò gbọ̀ngán, ó nílò lọ́rì, ó nílò ogún ènìyàn tó ti jẹun. Nígbà tí wọ́n fi yọ eré kúrò lẹ́yìn orin, wọ́n yọ igbákejì kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí orin náà dáadáa. Ó káàánú Yorùbá, ó ní a ti di bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ aráyé. Nínú gbọ̀ngán ní 1964, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí o ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, aṣọ ìtàgé yóò ká, wọn a fi ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún aráyé hàn ọ́. Lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, aṣọ kò ká. Bọ́ọ̀lù nìkan ló wà níbẹ̀, tó ń ké pé wọ́n ń gbá òun. Ta ni kò fẹ́ jẹ́ bọ́ọ̀lù? Gbogbo wa ni a ń sunkún. Kò sí ìbò kan nílẹ̀ Yorùbá mọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì kì í fi orin kan náà bá ara wọn wí.

Mo rí i pẹ̀lú ojú mi nínú ilé wa. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà, mo wálé ní ìsinmi, mo bá gíràmafóònù tuntun ní pálọ̀ bàbá mi. Bàbá mi jókòó síwájú rẹ̀ nínú bùbá funfun, wọ́n ti ojú dé, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń bá Ogunde kọ Yorùbá Ronú lọ rabidun, omijé sì dúró ní ìpéǹpéjú wọn. Mo dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn. N kò rò pé ẹ̀tàn ni omijé náà. Bàbá mi kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Wọ́n gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé àwọn náà wà nínú Yorùbá tí ayé ń gbá kiri. Bàbá kékeré mi ti inú ọgbà wọlé, wọ́n gbọ́ orin náà, wọ́n dúró. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kò tíì wo eré yẹn, àbí?"

Bàbá mi ní, "Orin tó mi."

Ọ̀rọ̀ náà kò di ìjà. Bàbá kékeré mi jókòó, wọ́n gba ẹmu lọ́wọ́ mi, wọ́n sì gbọ́ orin náà dópin pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn. Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Ogunde náà ti lọ, ní oṣù Kẹrin ọdún 1990, lẹ́yìn tí ó ti kó agbára rẹ̀ lọ sí sinimá, láti Aiyé ti 1979 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ogunde lónìí, sinimá ló ń wò, àwọn àjẹ́ àti oṣó inú Aiyé ni ọmọ wa mọ̀ ọ́n mọ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ òṣèré kan bá wà tó ń ka ìwé yìí, tó ní gbọ̀ngán, tó ní owó ọkọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má tún kọ orin yẹn fún wa mọ́ láìsí eré lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fún ọba ní àbùkù díẹ̀, kí bàbá mi lè jókòó tì yín. Ẹ sì jẹ́ kí igbákejì dọ̀bálẹ̀ dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ ó ti kọ́kọ́ ṣe é, ẹ gbé e wá sẹ́nu ibodè níbí, kí àwọn ará Ìgólò àti Sàkẹ́tẹ́ lè kọjá wá wò ó. Yorùbá tí wọ́n ń jà lé lórí ní 1964, Ìdí-Ìrókò ló parí sí. Àwọn ẹbí wa tó wà ní òdìkejì kò dìbò fún Ọlọ́pẹ, wọn kò dìbò fún Dẹ́mọ, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ronú. Mo fẹ́ mọ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ sí.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi orin náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ gbọ́ bí bàbá yìí ṣe ń sọ òótọ́ nípa wa." Mo gbọ́ ọ dópin. Mo wá kọ̀wé padà sí i pé ó dáa, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ̀ nípa igbákejì náà, ṣé ó sì mọ ẹgbẹ́ tí bàbá mi àgbà rẹ̀ wà.

Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Nígbà tí yóò fi dáhùn, ohun tó kọ ni pé, "Igbákejì wo, Bàbá?"